Ẹ Bọ́ Kakí Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Wọ Kétu

Ìkòsí, lẹ́bàá Kétu,
Ọjọ́ Ajé, bí mo ṣe ti ọjà dé.

Fọlárìn, Àjàní ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n ka ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀ fún ọ, kí n sì sọ àwọn tó mọ̀ sí i. Ẹni tó fẹ́ tún ògiri mọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ibi tó ti sán.

Èkíní. O kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ dókítà ẹran wá láti Òkè Ọya, ẹ to oògùn àti abẹ́rẹ́ sórí tábìlì níwájú ilé mi, ẹ jókòó tì í láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo kò mú ajá wá. Gbogbo Kétu mọ ìdí rẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ, Bùọ̀dá Sànní, mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì. Ó fẹ̀yìn ti igi máńgòrò, ó ń rẹ́rìn-ín.

Èkejì. Nígbà tí ẹ dìde láti máa wá ajá kiri inú agbo ilé, gbogbo agbo ilé ní àwọn kò ní ajá. Ajá ń gbó lẹ́yìnkùlé, onílé ń sọ pé bóyá ti Ògùdù ni. Ọdẹ Lámídì wò ọ́ lójú, ó ní ajá tó fara ti ẹsẹ̀ òun kì í ṣe tòun, ajá ọ̀nà ni. Ajá náà ń ju ìrù fún un bó ṣe ń sọ ọ́. O kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé Ọdẹ Lámídì kò ní ajá.

Ẹ̀kẹta. Ajá Ìyá Sùrá kú. Ó ti ń bì kí ẹ tó dé, Ìyá Sùrá sì fi agbọ̀n ńlá dé e mọ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná kí ẹ má baà rí i. Àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀, orogún rẹ̀ náà mọ̀. Dókítà jókòó sí ìta, aláìsàn ń kú lọ nínú ilé.

Èmi lọ gba ẹja ní Ìkorodú lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí mo máa fi dé, ẹ ti ń di ẹrù, ojú rẹ ti pọ́n, o kò jẹun.

Ẹ̀kẹrin ló mú mi mú gègé. Lẹ́tà rẹ ni. O ní ọ̀gá yín ti fi gbogbo ẹ̀kọ́ ajá àti ológbò àti ẹran ilé kéékèèké lé ọ lọ́wọ́, pé ìwọ ni yóò máa pèsè àwọn ọmọ náà sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí wọn yóò fi jẹun. Inú mi ti ń dùn bọ̀. Ìgbà tí mo ṣí ojú ewé kejì, o ní o ti yọ Kétu kúrò, pé inú ọgbà àwọn òyìnbó Ìkòyí ni wọ́n á ti máa kọ́ iṣẹ́, níbi tí ajá ti ní ọṣẹ tirẹ̀. Ta ló mọ̀ sí ìyẹn? Ìwọ nìkan. N kò fara mọ́ ọn.

Ó tán. Wàyí, kú oríire, ọkọ mi. Kú iṣẹ́ tuntun. Mo jó nínú yàrá, mo tún jáde sí ìta mo jó, Bùọ̀dá Sànní ní, "Ìyàwó, ṣé kò sí?" Mo ní, "Wọ́n ti fi ọmọ wa ṣe olùkọ́ àwọn dókítà." Ó ní, "Dókítà ajá náà kọ́?" Mo ní, "Òun ni. Ajá tí ẹ kò ní."

Ohun tó ń mú inú mi dùn jùyẹn lọ, o kò tíì gbọ́. Kétu ti ń béèrè rẹ. Mo ní Kétu ti ń béèrè rẹ, Àjàní. Mi ò lè lọ sí kànga kí wọ́n má dá mi dúró. Jókòó, kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ìmọ̀ràn mi wà.

O rántí pé ibà dá Bándélé, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ tó jẹ́ ọmọ Iléṣà yẹn, dùbúlẹ̀ lọ́wọ́ mi nígbà tí ẹ̀yin ń lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, mo fọ kakí rẹ̀, mo sá a, mo fún un ní bùbá àti ṣòkòtò bàbá rẹ olóògbé kó fi bora. Mo ní kó tẹ̀ lé mi ká lọ kí ìyàwó Ọdẹ Lámídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bí a ṣe wọlé, Bándélé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Àrìnpa o, Bàbá."

Ọdẹ ní, "Ògún á gbè wá. Ìyá Fọlárìn, ta lèyí?"

Mo ní, "Ọmọ mi ni, ará Iléṣà."

"Aṣọ yẹn gbà á jù."

"Aṣọ ọkọ mi ni. Tirẹ̀ wà lórí okùn."

Ajá tó jẹ́ ajá ọ̀nà lọ́jọ́sí dìde nílẹ̀, ó wá ń gbóòórùn ẹsẹ̀ Bándélé. Àgbọ̀n rẹ̀ wú bí ọsàn. Bándélé kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Bàbá, ajá yín kò rí oúnjẹ jẹ."

"Ta ló sọ fún ọ pé tèmi ni?"

"Bí kì í bá ṣe tiyín, ẹ ní kó lọ jókòó. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá á gbọ́."

Ọdẹ wò ó títí. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Fọlárìn, ọmọ tí ẹ gbà yìí ń wá ẹjọ́." Ó bá jókòó, ó fa ajá rẹ̀ mọ́ra, ó sọ pé òòrẹ̀ ló bá jà nínú igbó lẹ́yìn Ògùdù, ẹ̀gún òòrẹ̀ kán sí i lágbọ̀n, òun ti fi ewé gígún lé e, kò ràn án. Bándélé ní ká gbé omi kaná. Ó se abẹ irin rẹ̀. Ó ní kí Ọdẹ fúnra rẹ̀ di orí ajá mú, kó máa bá a sọ̀rọ̀. Ọdẹ ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Abẹ wọlé, ọyún tú, ẹ̀gún náà jáde, ó gùn tó ìka mi. Ajá náà ké lẹ́ẹ̀kan péré. Kí a tó parí iyán tí ìyàwó Ọdẹ gbé fún wa, ó ti ń lá omi ẹ̀kọ.

Mo bi Bándélé lójú ọ̀nà pé níbo ló ti kọ́ ọ. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ ọmọ yín ni, Mà. Àwọn ló kọ́ wa bí a ṣe ń la ọyún." Ṣé o gbọ́? Iṣẹ́ rẹ kò ní àléébù kankan. Bí ẹ ṣe gbé e dé ọ̀dọ̀ wa ló ní àléébù. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ní Kétu, ajá ń gbọ́, olówó rẹ̀ ló dití, ìwọ lo sì dí i létí. Fetí sílẹ̀ nísinsìnyí.

Àkọ́kọ́ ni aṣọ. O wà ní ìlú òyìnbó ní ọdún tí dìgbòlugi mú ajá ní agbègbè yìí, o kò mọ̀. Àwọn wolé-wolé dé pẹ̀lú kakí àti ìwé. Wọ́n béèrè ní ojúlé kọ̀ọ̀kan pé ajá mélòó lẹ ní. Àwọn tó dáhùn kò rí ajá wọn mọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wọ kakí, tó gbé ìwé dání, tó sì dárúkọ ajá, ìbọn ni gbogbo ènìyàn ń rí. Ìwọ wá kó ọkùnrin sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì, kakí látòkè délẹ̀, ẹ tò bí ọmọ ogun, ọ̀rọ̀ tó sì kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ ni, "Ajá mélòó lẹ ní?" Ọmọ mi, ká ní mo wà nílé, èmi gan-an ì bá sọ pé n kò ní. Kí àwọn ọmọ rẹ wọ bùbá, kí wọ́n wọ ẹ̀wù funfun, kí wọ́n wọ ohun tó bá wù wọ́n, kó ṣáà má jẹ́ kakí. Ìwé náà, ẹ má mú un jáde títí ara ajá yóò fi yá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má jókòó de ẹnikẹ́ni. Èyí dùn mí ju ìyókù lọ nítorí èmi náà ti ṣe é rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka kọ́másì, ẹ̀kọ́ òwò ṣíṣe, tán ní Èkó, tí bàbá rẹ gbé mi wá síbí, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù bí ìwé ṣe wí. Mo kan káńtà, mo kọ iye owó sórí ọjà kọ̀ọ̀kan, mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo fi pẹ́ńsù há etí. Òjò kan rọ̀ kọjá, ẹ̀ẹ̀rùn dé, ẹni tó wọlé wá jù ni ẹni tó fẹ́ sá oòrùn. Mo ń bínú sí Kétu pé wọn ò lajú. Ìyá bàbá rẹ wá wò mí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ta lo ti kí láti ìgbà tí o ti dé?" Mo ní wọ́n mọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà. Wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́, ṣé o mọ ibi tí wọ́n wà?" Mo gbé àtẹ kárí agbo ilé lọ́jọ́ kejì. Bí mo ṣe ń kí wọn ni wọ́n ń rà. Kọ́másì tí mo kà kò ṣòfò o, òun ni mo fi ń kó ẹ̀fọ́ gbogbo abúlé yìí lọ sí Èkó lónìí, ṣùgbọ́n ìkíni ló ṣílẹ̀kùn fún un. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ bá dé, kí wọ́n má tú àpótí. Kí wọ́n máa kí ènìyàn. Èmi ni n ó mú wọn kiri, mo ti pín agbo ilé sí ọ̀nà mẹ́ta: Kétu, Ìkòsí, àti ìhà Ìfàkọ̀.

Ọ̀rọ̀ dídi ajá mú tún wà níbẹ̀. O kọ̀wé sí mi nígbà kan pé ní ilé-ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ni ń di ẹran mú, ẹ̀kẹta á tọ́jú rẹ̀. Màlúù nìyẹn. Ajá tiwa, gbogbo agbo ilé ló ni ín, àmọ́ ohùn ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbọ́. Ó lè jẹ́ ọdẹ, ó lè jẹ́ ìyá arúgbó tó ń ju egungun ẹja fún un. Ẹ wá ẹni náà rí, kó dì í mú. Ajá kò ní bu yín jẹ, ẹ̀rù kò sì ní ba olówó rẹ̀, torí ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí o fi èyí kọ́ wọn kó tó di pé o fi orúkọ oògùn kankan kọ́ wọn.

Orúkọ ajá náà. Kí ni mo fẹ́ sọ nípa orúkọ ajá tí o kò mọ̀? Síbẹ̀ o kò kìlọ̀ fún wọn. Bándélé débi tí obìnrin kan ti ń wá oògùn kòkòrò ara fún ajá rẹ̀. Ó bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, obìnrin náà sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ọmọ Iléṣà bọ́ sí àárín agboolé, ó fi gbogbo ohùn rẹ̀ pè é: "Ẹ-jẹ́-n-sinmi! Ẹ-jẹ́-n-sinmi!" Kí ló dé tí obìnrin fi sọ ajá ní Ẹ-jẹ́-n-sinmi bí kì í bá ṣe nítorí orogún? Orogún jáde pẹ̀lú ìró tó ti so gírígírí, ó ní, "Ìwọ ará òkè, ta ló rán ọ sí mi?" Ó gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ kan gbáko kí n tó parí rẹ̀. Ẹni tó ni ajá ni kó máa pe ajá. Kí dókítà máa fọwọ́ pè é.

Bàbá Jímọ̀ ńkọ́, olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ tí a wà lórí rẹ̀? Ajá kì í fara kàn wọ́n nítorí àlùwàlá, o mọ̀. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ológbò wọn ń sùn lórí ẹní ìkírun wọn, pé etí sì ti ń ro ó láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bándélé fọ ọwọ́ rẹ̀ níwájú wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ bùbá tó fi gbá ajá mọ́ra, ó gba òmíràn wọ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo etí ológbò náà. Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà tó fẹ́ máa lọ ni wọ́n ní, "Wọ́n kọ́ ọ nílé." Kọ́ àwọn tókù bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó fa ajá kọjá níwájú ẹnikẹ́ni, kí ajá àti ológbò má sì gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé.

Kò sí oògùn fún gbogbo nǹkan, kí wọ́n mọ ìyẹn náà. Bí ajá bá ti ya dìgbòlugi, kí wọ́n sọ fún onílé láìfi bò, kí wọ́n sì dúró tì í. Dókítà tó bá ń ṣèlérí bí ẹni ń ta àgúnmu, ẹ̀ẹ̀kan péré la ó gbà á gbọ́. Abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ajá ya dìgbòlugi ni kí ẹ kó wá rẹpẹtẹ. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń bá ajá wọ̀nyí ṣeré láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ìdí nìyí tí n kò fi lè fọwọ́ lẹ́rán.

Mo mọ ohun tí ìwọ ń rò. O rò pé Ìkòyí ló máa bọ́ wọn. Jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀ bí oníṣòwò. Òyìnbó tó ni ajá Ìkòyí lè gba lífù lọ sí ìlú rẹ̀ lọ́la kó má padà mọ́, kó mú ajá rẹ̀ dání. Ìjọba kò lè gba gbogbo ọmọ tí ẹ bá ń kọ́ sí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n wo Kétu, wo Ìkòsí, wo Gbàgádà: ọdẹ ń bẹ, àgùntàn ń bẹ ní gbogbo ojúlé, ológbò ń bẹ ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ń ta àgbàdo. Wọ́n lè fi adìyẹ san án, wọ́n lè fi iṣu san án, ṣùgbọ́n wọn ò ní gba lífù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè tọ́jú ajá Ọdẹ Lámídì, kò sí ajá Ìkòyí tó máa bà á lẹ́rù. Ẹni tó bá kọ́ ti Ìkòyí nìkan, ọjọ́ tó bá dé ìlú bàbá rẹ̀, á tún jókòó sẹ́yìn káńtà.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ilé. Àká obì àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, èyí tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn, mo ti lọ bá Bàbá Jímọ̀ nítorí rẹ̀, kí ẹ lè máa tọ́jú ẹran níbẹ̀. Wọ́n ní, "Kí ajá máa gba ojú ọ̀nà wọlé. Kí ológbò àti àgùntàn gba ẹ̀yìn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, mo fọwọ́ sí i." Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. A dúpẹ́." Wọ́n ní, "Má tíì dúpẹ́. Onípákó kan láti Ṣómólú ti wá wò ó. Ọmọ rẹ wá síbí, ó bínú lọ. Ṣé ó máa padà wá?"

Mo ní kí wọ́n fún mi ní àyè kí n bi ọ́. Wọ́n ní títí di Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí wọ́n bá kírun tán. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ọjọ́ díẹ̀ kún un, wọ́n ní èmi ni mo sọ fún wọn nígbà kan pé ọjà tí kò bá tètè kúrò lórí àtẹ ń rà. Òótọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Wàá sọ pé a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ọbẹ̀ yìí kò gbóná mọ́, ó ti wọ́ọ́rọ́. Bí a bá tún pẹ́ sí i, á dì.

Bándélé ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, ó ń wọ rélùwéè lọ́la. Bi í léèrè ohunkóhun tí o kò bá gbà gbọ́ nínú ohun tí mo kọ. Lẹ́yìn náà, lọ bá ọ̀gá yín lọ́jọ́ náà gan-an, kó o dá Kétu padà sínú ètò ẹ̀kọ́ rẹ, kí o sì gba àyè láti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ba ọ̀nà jẹ́. Lẹ́tà á pẹ́ jù, wáyà ni kí o tẹ̀ sí mi. N kò fẹ́ àlàyé nínú rẹ̀. "À ń bọ̀" ti tó, pẹ̀lú oṣù tí ẹ máa dé.

Mo gbọ́dọ̀ ní wáyà náà lọ́wọ́ kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ó bá dé, èmi ni n ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Bàbá Jímọ̀, n ó sì ti gbá ilé náà mọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Bí kò bá dé, onípákó ló máa gbà á, n kò sì ní bá ọ bẹ ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ,
Àbẹ̀kẹ́.